Lẹ́ńsì Tó Ń Wo Ẹ̀yìn Aránṣọ

Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó ṣáà má ra lẹ́ńsì àlòkù títí yóò fi kà á tán. Kò sí àbùlà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé irọ́ la fẹ́ pa, irọ́ tó dára ju èyí lọ ni à bá pa, èyí tí yóò ní orí, tí yóò sì ní ìdí.

Farabalẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkùnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ náà, lọ́jọ́ tó lọ ra bàtà, tó wọ gbogbo bàtà inú ìsọ̀ wò tán, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà, tó sì wọ bàtà àtijọ́ rẹ̀ padà wálé. Tíṣà ìṣirò ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ahun. Ó kàn jẹ́ ẹni tó máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn nǹkan kó tó ra nǹkan.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà kì í dákẹ́. Bí kò bá sọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, á máa fi imú kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Orin kan ṣoṣo ni, kò sì mọ ìparí rẹ̀. Bó bá ti dé ibi tí kò mọ̀, á dúró, á gé òwú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Farabalẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ wá ìparí orin náà, kí ara tu gbogbo ilé.

"Ọjọ́ tó o bá ra bàtà tuntun," ni ìdáhùn aránṣọ.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ látorí fóònù. Fóònù ni wọ́n fi ń ya àwòrán aṣọ tó bá rán, kí àwọn oníbàárà tó wà lókèèrè lè rí i. Ṣùgbọ́n fóònù náà ń sọ aró di dúdú, ó sì ń sọ funfun di eérú. Oníbàárà kan wo àwòrán aṣọ ìgbéyàwó, ó béèrè ẹni tó kú.

"A máa ra kámẹ́rà gidi," ni aránṣọ wí. "Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn. A máa rà á kí n tó darúgbó. Farabalẹ̀, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mo ti ń wádìí."

"Mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ó wádìí lóòótọ́. Ó wádìí títí ọmọ wọn obìnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú mìíràn, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fóònù pẹ̀lú "Bàbá, ẹ káàsán, ẹ má sọ̀rọ̀ kámẹ́rà." Nígbà tó yá, aránṣọ fi téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn bó ṣe máa ń ṣe, ó di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n jáde.

Ìsọ̀ kámẹ́rà àlòkù náà wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún aago ṣe. Afínjú ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tà níbẹ̀, nítorí kì í fún ènìyàn ní nǹkan láìkọ́kọ́ nù ún, títí kan ṣéńjì. Farabalẹ̀ gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún un. Ó bi í léèrè bóyá kámẹ́rà máa ń gbóná. Ó bi í léèrè iye ìgbà tí èyí tó wà lórí káńtà ti ṣẹ́jú, ìyẹn iye àwòrán tó ti yà, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Ó bi í léèrè ohun tó gbé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ dé ibi tó fi tà á.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọlọ́pàá ni yín?"

"Tíṣà ni mí."

"Ó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ." Afínjú kọjú sí aránṣọ. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́. Owó yín ò tó ra tuntun. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ra ara kámẹ́rà tó ti pẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìyókù ra lẹ́ńsì tó dáa. Ara kámẹ́rà máa bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́ńsì lẹ ó máa bá gbé."

Ó kó lẹ́ńsì méjì jáde. Èkíní gùn, ó ń fà jáde, ó ń sún wọlé, ó lè mú ohun tó wà lókèèrè súnmọ́. Farabalẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé àbùkù rẹ̀ pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì hàn. Èkejì kúrú bí ìdérí ìgò.

"Eléyìí kì í fà, kì í sún," ni Afínjú wí. "Bí ẹ bá fẹ́ súnmọ́ nǹkan, ẹsẹ̀ yín lẹ máa lò. Àmọ́ ojú rẹ̀ là. Inú yàrá, ìrọ̀lẹ́, ibi tí iná ò bá ti tó, á rí ohun tí ẹ̀yin ò rí."

"Ohun tí mo ń wá nìyẹn," ni aránṣọ wí. "Iná yàrá mi ò dáa."

Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì náà. Kò sí ebu, kò sí ibi tó họ. Aránṣọ bọ́ téèpù lọ́rùn, ó tẹ́ ẹ sórí káńtà ní ìdábùú. Afínjú fi kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rọra tẹ bọ́tìnnì láì tẹ̀ ẹ́ tán. Lẹ́ńsì náà kùn díẹ̀, bí ẹni tó ń ronú. Ó wá dún: pín-ín. Nọ́ńbà tí aránṣọ ń wò láàárín téèpù náà là kedere. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe bàìbàì.

"Ibi tẹ́ ẹ ní kó wò ló wò," ni Afínjú wí. "Lẹ́ńsì tó bá ní àrùn, ó máa ń wo iwájú tàbí ẹ̀yìn. Tiyín yìí, ara rẹ̀ dá ṣáṣá."

Aránṣọ ya ọkọ rẹ̀. Pín-ín. Ojú rẹ̀ là kedere, àti iyèméjì tó wà níbẹ̀. Ó ya Afínjú. Ó ya alátùn-únṣe aago tó wá tọrọ ṣéńjì. Gbogbo ẹni tó wà nínú ìsọ̀ náà ni wọ́n fi lẹ́ńsì náà wò. Aránṣọ nìkan ni ẹnikẹ́ni ò fi wò, torí pé òun ló ń wò.

"Ta ló ni ín tẹ́lẹ̀?" Farabalẹ̀ kò tíì gbàgbé.

Afínjú mú aṣọ, ó ń nu lẹ́ńsì náà. Kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ láti nù. "Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni. Ìyàwó rẹ̀ ló ní kó wá tà á."

"Kí ló dé?"

"Ọ̀gá, ìyàwó yín ní kẹ́ ẹ rà á. Ṣé mo béèrè ohun tó dé?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú. Wọ́n ra lẹ́ńsì náà.

Yàrá ìránṣọ wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ wà lẹ́bàá fèrèsé. Lẹ́yìn àga aránṣọ ni tábìlì ìgéṣọ wà, tábìlì gígùn tóóró tó lọ tààrà láti ẹ̀yìn àga rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Farabalẹ̀ dúró sí ẹ̀bá fèrèsé, ó kọjú kámẹ́rà sí ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ń ránṣọ, ó ń fi imú kọrin. Lẹ́ńsì kùn. Ó kùn lọ, ó kùn bọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Pín-ín.

Wọ́n jọ wo àwòrán náà. Ojú aránṣọ dà bí ooru tó ń jáde látẹnu ìkòkò. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun tábìlì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ohun gbogbo là kedere. Wọ́n rí ìpẹ́pẹ́ tó bó lára igi tábìlì.

"Ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n," ni aránṣọ wí.

"Bí ọwọ́ mi bá gbọ̀n, ilẹ̀kùn náà á gbọ̀n."

"Ó dáa, ilẹ̀kùn lò ń wò. Ilẹ̀kùn rẹwà jù mí lọ. Mo ti gbọ́."

Farabalẹ̀ ya ère tí wọ́n ń gbé aṣọ wọ̀. Ó là. Aránṣọ gba kámẹ́rà, ó ya ọkọ rẹ̀. Ó là. Farabalẹ̀ tún ya aránṣọ. Bàìbàì.

Lọ́jọ́ kejì, Farabalẹ̀ ṣe ohun tí tíṣà ìṣirò yóò ṣe. Ó so téèpù méjì pọ̀, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ etí tábìlì náà, láti ẹ̀yìn àga aránṣọ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán, nọ́ńbà tó bá là ni yóò sọ ibi tí lẹ́ńsì náà ń wò. Ó yà á. Ibi tó là ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti wá sí àárín tábìlì.

Ó rò pé ìṣirò òun ló yẹ̀. Ó tún ṣe é lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Gígùn apá kan lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni. Ó na ọwọ́, ó fi gbá ibẹ̀. Aránṣọ yíjú padà, ó bi í bóyá eṣinṣin ló ń lé.

"Eṣinṣin ni," ni Farabalẹ̀ wí.

Nígbà tí ibi tó là ku ìgbọ̀nwọ́ kan sí ìyàwó rẹ̀, ó yọ lẹ́ńsì náà, ó dì í sínú aṣọ, ó padà sọ́dọ̀ Afínjú. Afínjú fi wo káńtà. Ó fi wo àtẹ̀gùn. Ó fi wo Farabalẹ̀. Pín-ín, pín-ín, pín-ín.

"Kò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá."

"Ìyàwó mi nìkan ni kì í rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò. Ó sì ń súnmọ́ ọn."

Afínjú gbé aṣọ ìnulẹ́ńsì sílẹ̀. Wọn ò rí i kó gbé e sílẹ̀ rí.

"Ọkùnrin tó tà á fún mi tún wá," ni ó wí. "Ó ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun yá a padà lọ́wọ́ yín. Kò ní kí n dá a padà fún òun. Ó kàn fẹ́ fi wo yàrá òun lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Kí ló sọnù nínú yàrá rẹ̀?"

"Mo bi í. Ó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá ó sọnù."

Lọ́dọ̀ alátùn-únṣe aago, àwọn aago ń lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àkókò tirẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tó gùn," ni Afínjú wí. "Pààrọ̀ ni. Mi ò gba nǹkan kan lórí rẹ̀."

Ẹlòmíràn á gbà á. Farabalẹ̀ ní òun máa rò ó wò. Ó gbé lẹ́ńsì náà padà sílé.

Ó gbé kámẹ́rà náà sórí àpótí aṣọ, lẹ́yìn bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n aránṣọ ti rán aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tán fún oníbàárà tó ń bọ̀ wá wò ó, ó sì wù ú débi pé òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ó jókòó sí àga rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti tábìlì. Ìrọ̀lẹ́ ni. Òjò ti dá. Omi ṣì ń kán lẹ́yìn fèrèsé.

"Yà mí."

"Iná ti tán lára bátìrì rẹ̀."

"Mo ti gba iná sí i. Mo rí i níbi tó o fi í pa mọ́ sí. Ṣé ìbàǹújẹ́ ni mo jẹ́ fún kámẹ́rà ni? Yà mí, jàre."

"Jẹ́ ká fi í dọ̀la."

"Farabalẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan péré. Yára ṣe nǹkan kan láyé rẹ."

Ó gbé kámẹ́rà sójú. Aránṣọ rẹ́rìn-ín sí i, ó wá ń fi imú kọrin bó ṣe ń dúró. Lẹ́ńsì kùn lọ. Lẹ́ńsì kùn bọ̀. Nínú ihò kékeré tí wọ́n ń yọjú wò lẹ́yìn kámẹ́rà, Farabalẹ̀ rí téèpù tó wà létí tábìlì. Ó rí bí nọ́ńbà ṣe ń là, tó ń rú, tí èyí tó súnmọ́ ìyàwó rẹ̀ tún ń là. Àtẹ́lẹwọ́ kan. Ìka kan. Ó fẹ́ sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ó fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò. Ìka rẹ̀ kò gbé.

Pín-ín.

Aránṣọ là kedere. Gbogbo irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ni ènìyàn lè kà.

Orin náà dúró. Kò tíì dé ibi tí kò mọ̀. Àárín ló ti dúró.

"Ṣé ó dára?" ni obìnrin náà béèrè.

"Ó dára."

"Ẹ ṣeun."

Farabalẹ̀ sọ kámẹ́rà kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, aránṣọ kò pè é ní "ẹ" rí, àfi bó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dúró de ẹ̀rín. Ẹ̀rín ò dé. Obìnrin náà kọjú sí ẹ̀rọ, ó ń ránṣọ. Ojú ìránṣọ rẹ̀ tọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Yàrá dákẹ́.

Ó ń se oúnjẹ. Ó ń dáhùn ọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí ènìyàn lè gbé lọ fún aládùúgbò pé ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n kò pe Farabalẹ̀ ní Farabalẹ̀ mọ́. Ó ń pè é ní "ọkọ mi", pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á níbì kan pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Farabalẹ̀ ní, "Fi imú kọ orin yẹn fún mi."

"Orin wo?"

"Orin rẹ."

Obìnrin náà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá kọ ọ́. Ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dé ibi tí aránṣọ kò mọ̀, kò dúró, ó kọjá níbẹ̀, ó kọ ọ́ parí. Ìparí náà dára. Ó bá orin mu rẹ́gí. Farabalẹ̀ ti tọrọ ìparí orin yẹn títí. Nígbà tó gbọ́ ọ, ó jókòó sílẹ̀.

Ọmọ wọn pè lórí fóònù. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìyá sì gbé fóònù fún bàbá.

"Bàbá, kí ló ṣe Màmá? Ó ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò."

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò rẹ̀ ẹ́ o. Ṣebí mo gbọ́ ọ tó ń fi imú kọ orin ìdààmú yẹn." Ọmọ náà tún tẹ́tí. "Bàbá, báwo ló ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ tó tún ń kọrin lẹ́ẹ̀kan náà?"

Farabalẹ̀ wo obìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ẹnu rẹ̀ pa dé.

"Rédíò ni," ni ó wí.

Wọn ò ní rédíò.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Farabalẹ̀ tún gbé kámẹ́rà wá fúnra rẹ̀. Obìnrin náà wà ní ilé ìdáná. Àga ṣófo. Ó kọjú lẹ́ńsì sí ẹ̀yìn àga náà, sí ibi tí kò sí nǹkan kan. Lẹ́ńsì kùn, ó ń wá. Lẹ́ńsì kì í rí ohun dì mú nínú afẹ́fẹ́. Á kàn máa kùn lọ, á máa kùn bọ̀, títí á fi sú u. Èyí kò sú.

Pín-ín.

Ìgbọ̀nwọ́ kan lẹ́yìn àga. Farabalẹ̀ mú èémí dúró. Nígbà náà ló gbọ́ ọ, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bíi pé láti yàrá kejì. Orin náà dé ibi tí kò mọ̀. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ni," ni Farabalẹ̀ wí sí afẹ́fẹ́. Omijé ń dà lójú rẹ̀. "Dúró síbẹ̀. Mò ń ronú ohun tí màá ṣe."

Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ kò kọjá kó má wò ó. Obìnrin náà mọ̀. Bí wọ́n bá jẹun tán, á kó àwo jọ, á sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ tà á. Ẹ gbé e padà síbi tẹ́ ẹ ti rà á."

"Mo ṣì ń rò ó," ni Farabalẹ̀ máa ń dáhùn. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ.

Ohun kan ni kò tètè rí, tàbí ó rí i, ó kàn fẹ́ dá a lójú kó tó gbà. Nọ́ńbà tó ń là lórí téèpù ti ń yí padà. Ìgbọ̀nwọ́ kan ti di gígùn apá kan. Gígùn apá kan ti di àárín tábìlì. Ọ̀nà tí nǹkan náà gbà wọlé ni aránṣọ ń gbà jáde lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ibi tó là ni ìpẹ́pẹ́ tó bó lára igi, níbi tí tábìlì parí sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Níta, ilẹ̀ ń ṣú. Farabalẹ̀ dìde, ó sáré, òun tí wọn ò rí kó sáré rí. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú láti tì í pa.

Ó wá dúró.

Kò mọ̀ bóyá inú ni aránṣọ wà, tàbí ó ti bọ́ síta. Bó bá ti ilẹ̀kùn, ó lè jẹ́ pé ó tì í mọ́ ilé. Ó sì lè jẹ́ pé ó tì í síta. Kámẹ́rà wà lẹ́bàá fèrèsé, ó jìnnà sí i. Ó mú èémí dúró, ó ń tẹ́tí. Orin náà wà níbẹ̀, níbì kan, ó súnmọ́ ojú rẹ̀. Ó ń lọ sí ibi tí kò mọ̀.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn, ọkọ mi," ni ohùn kan wí láti ìdí ẹ̀rọ. "Atẹ́gùn ń wọlé."

Orin náà dé ibẹ̀. Ó dúró.

Farabalẹ̀ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó ń dúró kó tún bẹ̀rẹ̀.